Ọ̀ọ̀lẹ̀ Mẹ́fà fún Bàbá Bùkárì

Bí ẹ bá ti Ìlọrin ń bọ̀, tí ẹ forí lé Ọ̀mù-Àrán, tí ebi wá mú yín dé Omupo, ẹ má wulẹ̀ béèrè ilé oúnjẹ Fulera lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èéfín igi rẹ̀ ni yóò júwe ibẹ̀ fún yín. Kò sí pátákó níwájú ilé náà. Àwọn àga ibẹ̀ kò dọ́gba, àní ọ̀kan wà láàárín wọn tó máa ń da àlejò nù, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í jókòó lé. Ṣùgbọ́n iyán Fulera kì í ní kókó, ọ̀ọ̀lẹ̀ rẹ̀, tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní mọ́ínmọ́ín, kì í dá omi. Obìnrin náà kì í gúnyán kalẹ̀ de oníbàárà. Ìgbà tí o bá jókòó tán ni wọ́n tó ń bẹ iṣu. Kì í sì í yọ ọ̀ọ̀lẹ̀ lórí iná kó tó jiná, ì báà ṣe ọba ló ń dúró dè é.

"Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ ra búrẹ́dì." Ohun tó máa ń wí nìyẹn fún gbogbo ayé láti ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń tà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ọyẹ́, ó ń fi ewé pọ́n ọ̀ọ̀lẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Asisat ni, ọmọbìnrin Bàbá Bùkárì, àgbẹ̀ oníṣu ní Rore.

"Ìyá, ẹ jókòó ná," ni Asisat wí.

Fulera kò jókòó. Ẹni tó bá ní kí o jókòó kí òun tó sọ̀rọ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán.

"Bàbá ti lọ. Bí wọ́n ṣe kírun Àsùbáà tán ni."

"Ìnnà lílláhì," ni Fulera wí. Ewé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wà lílọ̀ sì dà sí i lẹ́sẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀.

"Bí wọ́n bá kírun Àílà tán lọ́sàn-án ni wọ́n máa sin wọ́n. Aminu ti wà lọ́nà láti Ìbàdàn, òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. A sọ fún un pé ara Bàbá ò yá, pé wọ́n fẹ́ rí i. Ìyá, ẹ mọ̀ pé bó bá dé Omupo kò ní ṣe kó má yà sọ́dọ̀ yín. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu yín o."

"Èmi ni wàá máa sọ ìyẹn fún, Asisat?"

Òótọ́ ni. Nínú gbogbo obìnrin tó wà láti Omupo títí dé Ọ̀mù-Àrán, Fulera ni ẹni ìkẹyìn tó yẹ kí ènìyàn kìlọ̀ irú rẹ̀ fún. Láàárín tiwa, a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. A ó ní ara Bàbá ò yá. A ó ní wọ́n fẹ́ rí ọ. Ẹni tó gbọ́n á ti fura, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn baba rẹ̀ kì í gbọ́n lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Fulera mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ṣe òfin yìí, torí pé òun fúnra rẹ̀ ti rú u rí.

Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ni Ọláìyá ọkọ rẹ̀. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, àbíkẹ́yìn wọn kú sí ọsibítù lójijì. Ọláìyá wà lọ́nà, ó ń ti Ìlọrin bọ̀. Fulera kò lè mú un mọ́ra. Ó gba fóònù ará ilé rẹ̀ kan, ó fi pe Ọláìyá, ó sì sọ fún un bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ọláìyá kàn pa fóònù. Kò jìnnà sí Ìdọ́fìàn ni ọkọ̀ rẹ̀ ti yà bàrá kúrò lórí afárá. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sin bàbá àtọmọ.

Ẹni tó dìde fún un nígbà náà ni Bàbá Bùkárì, tí kì í ṣe ẹbí, tí kì í ṣe àna, tó kàn jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó fi ọkọ̀ kó ogójì iṣu wá láti Rore, ó tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà opó, ó ní: "Gún un, kí o máa tà á. Ẹkún ò ní bọ́ ọ." Bí ilé oúnjẹ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí bàbá náà kì í gbé iṣu wá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni Fulera kò tún jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ ikú ẹnikẹ́ni mọ́. Bí òkú bá wà níta gbangba ní Omupo, tí o bi í léèrè, á ní òun ò mọ̀.

Agogo méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Aminu dé. Aminullah lorúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin Bàbá Bùkárì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Ìbàdàn. Láti ìgbà tó ti ń lọ sí ilé-ìwé gíga ní Ìlọrin, tí baba rẹ̀ máa ń gbé e wá pẹ̀lú iṣu, ló ti ń jẹun lọ́wọ́ Fulera. Kò rìnrìn àjò kọjá Omupo rí kó má yà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀ eléérú tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Dìde. Dìde, ilẹ̀ ò mọ́."

"Ebi ń pa mí kú lọ. Láti òwúrọ̀, omi nìkan ni mo mu. Bí Asisat ṣe pè mí ni mo gbéra. Iyán ni mo fẹ́ o, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́ bó bá wà. Kí ẹ sì bá mi di ọ̀ọ̀lẹ̀ mẹ́fà fún Bàbá."

Fulera bẹ̀rẹ̀, ó tún igi ìdí iná tò.

"Lọ́jọ́ Àìkú tí mo bá wọn sọ̀rọ̀," ni Aminu ń bá a lọ, tó ń fa àga, "wọ́n ní oúnjẹ kankan ò lọ lọ́nà ọ̀fun àwọn mọ́, àfi ọ̀ọ̀lẹ̀ yín ló ń wu àwọn í jẹ. Àní bí wọ́n bá jẹ ẹyọ kan péré, inú mi á dùn. Wọ́n tún ní kí n má gbàgbé iṣu yín tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú abà, kí n bá yín gbé e bọ̀ bí mo bá ń padà."

Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀, kí ó yé yín. Láti Omupo sí Rore, kò tó wákàtí kan. Bí wọ́n bá kírun Àílà tán ní Rore, ní nǹkan bí agogo méjì, wọn yóò ṣí aṣọ lójú Bàbá Bùkárì kí àwọn ọmọ rẹ̀ wò ó kẹ́yìn, wọn yóò bò ó padà, ó parí. Bí Aminu bá gbéra ní agogo kan, yóò rí ojú baba rẹ̀. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, iyẹ̀pẹ̀ ni yóò bá.

Fulera ṣírò rẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ọmọ tí kò jẹun láti òwúrọ̀, tí yóò dé ilé bá òkú, ta ni yóò tún fún un lóúnjẹ? Kò ní jẹ ohunkóhun títí ọjọ́ kẹta. Àwọn àgbà máa ń ní kí a bọ́ ẹni tí a fẹ́ túfọ̀ fún kó yó ná, torí pé lẹ́yìn náà, oúnjẹ á di koríko. Ó ní kí òun fún un lóúnjẹ kíákíá, kó sì máa lọ. Ohun tí ìyá lè ṣe nìyẹn, ó sì dá a lójú pé òun ro ire.

"Ṣé o ò kánjú ni, Aminu?" ló bi í.

Aminu rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fẹ́ máa kánjú sí, Ìyá? Bàbá ò sá lọ. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ ra búrẹ́dì."

Ọ̀rọ̀ tí Fulera fi ń pa àwọn awakọ̀ lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí wá, lọ́jọ́ náà ó yí padà sí òun fúnra rẹ̀.

Caroline ló ń bá a ṣiṣẹ́, obìnrin kan láti Arandun, ọmọ ìjọ, tó lágbára lápá tí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n jọ dúró ti odó lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń gún iyán, ọmọrí odó ń lọ sókè sódò. Caroline kò gbé ohùn rẹ̀ sókè.

"Ẹ sọ fún un."

"Gúnyán, Caroline."

"Mò ń gún un. Àmọ́ ẹ gbọ́ mi. Ní tiwa, a lè gbé òkú sí mọ́ṣúárì fún oṣù kan gbáko kí ọmọ tó wà lókè òkun lè dé. Bí a bá pa irọ́ fún ẹni tó wà lọ́nà, irọ́ náà ò pa á lára, yóò ṣì bá òkú. Ẹ̀yin, òkú yín kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ sì tún ń fi pamọ́ fún ọmọ olóòkú. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó bá a?"

Fulera da omi gbóná sínú odó, ó yí iyán padà. Iṣu yìí, nínú èyí tí Bàbá Bùkárì gbé wá kẹ́yìn ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló gbé e wá, ó ti rù nígbà náà, ó jókòó lórí àga tó máa ń da ènìyàn nù, kò sì dà á nù, torí pé kò wúwo mọ́.

"Ṣé o mọ bí Ọláìyá ṣe kú?" ló wí nígbẹ̀yìn.

"Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo Omupo ló mọ̀ ọ́n."

"Jẹ́ kí n gbọ́ràn, nígbà náà."

Wọ́n gbé iyán dé iwájú Aminu ní agogo kan ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bí ó ṣe fọ ọwọ́ tán ló ki ọwọ́ bọ iyán. Bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn ò wọ̀ ọ́ mọ́. Àmọ́ bí ebi ṣe ń lọ ni ẹnu rẹ̀ ń là. Ó ń sọ ìtàn bí Bàbá ṣe máa ń ní kí òun fi òkèlè tó kẹ́yìn nu àwo, kí ẹni tó sè é má bàa rò pé kò dùn. Ó ń sọ bí òun yóò ṣe gbé Bàbá lọ sí Ìbàdàn lọ́la, pé òun ti bá dókítà kan sọ̀rọ̀, pé òun ti tún yàrá kan ṣe sílẹ̀. Ó tún bu òkèlè, ó jẹ ẹ́, ó dúró díẹ̀.

"Iṣu Bàbá nìyí," ló wí. "Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu."

Fulera yíjú sí ìdí iná, ó ń fẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tó ń bi ẹni tó ń fẹ́ iná léèrè ohun tó mú omi wá sí i lójú.

Ní òdìkejì títì, lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọlọ́kadà mẹ́rin jókòó bí wọ́n ṣe máa ń jókòó lójoojúmọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Sheriff, ti jẹun lọ́dọ̀ Fulera láàárọ̀. Ó na ẹsẹ̀ sórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń tayín. Ọjà kò tà lọ́jọ́ náà.

Agogo kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Asisat tún pè. Fulera sáré gbé fóònù lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó ń jẹun."

"Ìyá! Ẹ lé e jáde! Àlùfáà ò ní dúró. Bàbá fúnra wọn ló ti sọ ọ́ lójú ayé wọn pé kí àwọn má kọjá ìrun kan nílẹ̀. Ikùn wọn sì ti ń wú."

"Ṣé kí n sọ fún un?"

Fulera ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń kéwú lẹ́yìn Asisat.

"Rárá," ni Asisat wí. Ó ti ń sunkún. "Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò fẹ́ sin ẹni méjì lónìí. Ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe rí, Ìyá. Ẹ ṣáà lé e."

Ta ni ó lé ọmọ ọlọ́mọ lórí oúnjẹ rí? Fulera lọ bá Aminu, ó ní kó dìde, ó ní ọ̀nà Òrò ti bàjẹ́, ó ní kó má jẹ́ kí ọjọ́ lọ. Aminu ní òun mọ ọ̀nà náà, òun ń dúró de ọ̀ọ̀lẹ̀ ni. Fulera ní kó máa lọ, òun á fi ọ̀ọ̀lẹ̀ ránṣẹ́ lálẹ́. Aminu ní rárá o, wọ́n ní kí òun gbé e dání ni òun ṣe yà. Ó ń wo ojú Fulera. "Ìyá, ṣé kò sí o? Ẹ̀ ń lé mi bí ẹni pé mo jí nǹkan."

"Kò sí nǹkan kan. Orí ló ń fọ́ mi."

Ó wá ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ṣí ìkòkò ọ̀ọ̀lẹ̀ tí kò tíì pẹ́ lórí iná, ó yọ mẹ́fà, ó kó wọn sínú ọ̀rá, ó nà án sí Aminu. Ọ̀dọ́kùnrin náà fọwọ́ tẹ ọ̀kan. Ó rọ̀ bẹ̀lẹ́jẹ́.

"Ìyá, eléyìí ò tíì jiná."

"Á jiná lọ́nà."

Aminu bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀rá náà, ó fúnra rẹ̀ lọ kó ọ̀ọ̀lẹ̀ padà sínú ìkòkò, ó sì dé e bí ẹni tó wà nílé ìyá rẹ̀. "Kí Bàbá lè ní Fulera ti di arúgbó? Ẹ fún mi ní omi àlùwàlá. Kó tó jiná, màá ti kírun. Bí n bá dé ilé, ariwo ò ní jẹ́ kí n ráyè."

Caroline gbé ìgbálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń wo Fulera. Fulera bu omi sínú kẹ́tùlù, ó gbé e fún un.

Mọ́ṣáláṣí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ náà, tí àwọn onímọ́tò kọ́, tí kò ní ju ògiri ìdajì àti ẹní mẹ́ta lọ. Láti ojú fèrèsé Fulera, ènìyàn ń rí gbogbo rẹ̀. Aminu bọ́ bàtà, ó kọjú sí gábàsì. Ní Rore, lákòókò yẹn gan-an, àwọn ènìyàn ń tò lẹ́sẹẹsẹ fún ìrun Àílà kan náà, òkú baba rẹ̀ sì wà nílẹ̀ níwájú wọn tó ń dúró de ìrun tirẹ̀, èyí tí wọn kì í forí kanlẹ̀ fún. Aminu forí kanlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó kírun tán, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń tọrọ. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún Fulera ohun tó ń tọrọ. Àlàáfíà fún baba rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Fulera nígbà náà. Ó rọra ṣí fèrèsé náà dáadáa. Bí ó bá ti pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ orókún Aminu, ojú Fulera sì bọ́ sórí rẹ̀. Ohun tó rí ni afárá Ìdọ́fìàn, àti bàtà Ọláìyá kan ṣoṣo tí wọ́n mú wá fún un nínú ọ̀rá. Ó pa fèrèsé dé.

Agogo méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọ̀ọ̀lẹ̀ jiná. Fulera fi aṣọ ìnura di mẹ́fà nínú ike kí ó má tutù. Aminu gbà á, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó wọ ọkọ̀.

"Ìyá, ẹ bá wa ṣàdúà fún Bàbá."

"Aminu," ni Fulera pè é, ó sì di ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà mú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí, ó fẹ́ sọ ọ́. Ohun tó jáde ni: "Rọra máa wakọ̀."

"Màá rọra wà á, Ìyá."

Kò sí ẹni tó pe Fulera láti Rore lálẹ́ ọjọ́ náà, òun náà kò sì pe ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹta, ó wọ aṣọ, ó borí, ó ra ṣúgà àti ìgò òróró, ó lọ sí abẹ́ igi máńgòrò kó lọ kí àwọn olóòkú. Sheriff dìde, ó nu ìjókòó ọ̀kadà fún un. "Rore ni, Ìyá?" Ẹsẹ̀ Fulera wúwo. Ó ní òun gbàgbé nǹkan nílé, ó sì padà sẹ́yìn. Kò lọ mọ́. Caroline ló lọ dípò rẹ̀.

Ẹ̀yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni Aminu kọjá. Ó dá ọkọ̀ dúró níwájú ilé oúnjẹ náà, ó kí i. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan ni, kò dọ̀bálẹ̀. Irùngbọ̀n ti hù sí i lójú. Ó ṣí bùùtù ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣu jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ṣe máa ń tò wọ́n, orí síbì kan, ìdí síbì kan. Fulera dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ di ìró mú.

"Iṣu yín nìyí," ni Aminu wí nígbà tó tò ó tán. "Bàbá ní kí n gbé e wá. Orí fóònù ni wọ́n ti rán mi. Mi ò rí wọn."

"Aminu, ọmọ mi."

"Ẹ ti mọ̀ nígbà tí ẹ̀ ń gúnyán."

"Mo ti mọ̀."

"Nígbà tí mo ní kí ẹ bá wa ṣàdúà fún wọn, ẹ ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀." Fulera kúnlẹ̀, ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó ń bọ́. Ó sọ ti Ọláìyá fún un, bó ṣe gba fóònù, ohun tó sọ, àti ibi tí ọkọ̀ náà wọ̀ sí. Ó sọ ọ́ dé orí bàtà. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ọkọ̀ Aminu ni òun ń rí nínú kòtò, ìyẹn ni òun kò fi lè ṣí ẹnu.

Aminu fà á dìde. Kò le mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni kò rọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí.

"Ó yé mi," ló wí. "Ọ̀ọ̀lẹ̀ yín ṣì gbóná nígbà tí mo dé ibojì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ ọkọ́ ni. Ẹ ní kí n rọra wakọ̀, Ìyá, mo rọra wà á." Ó nawọ́ sí òdìkejì títì. "Àmọ́ ẹ wo àwọn yẹn."

Fulera wò ó. Àwọn ọlọ́kadà mẹ́rin wà lábẹ́ igi máńgòrò.

"Ẹ̀ bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, kí ẹ sọ ọ́ fún mi, kí ẹ pe ọ̀kan nínú wọn. Sheriff á gbé mi dé Rore láàárín ìṣẹ́jú ogójì. Ǹ bá sunkún lẹ́yìn rẹ̀ títí mo fi dé. Kò sí ẹni tó ní kí n wakọ̀."

Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni Fulera ti ń wo abẹ́ igi yẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti rò ó lóru, ó ti rò ó lọ́sàn-án, ó sì ti sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀nà méjì péré ló wà, kí òun sọ ọ́ kó kú, tàbí kí òun pa á mọ́ kó yè. Ọ̀nà kẹta jókòó sí òdìkejì títì, ó ń tayín.

"Ebi á máa pa ọ́," ló sọ nígbẹ̀yìn, torí pé ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tó kù sí i lẹ́nu. "Jókòó. Jẹ́ kí n gúnyán fún ọ."

Aminu ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Rárá, Ìyá," ló wí. "Mò ń kánjú."

Ó wọ ọkọ̀, ó lọ, ó forí lé ọ̀nà Ìlọrin. Caroline jáde, ó dúró ti òkìtì iṣu náà, ó bi Fulera bóyá kí òun bẹ lára wọn fún àwọn oníbàárà tó ń bọ̀ lọ́sàn-án. Fulera ń wo Sheriff, tó na ara rẹ̀ sórí ọ̀kadà, tó fi fìlà bojú, tó ń dúró de ẹni tí yóò wá sọ pé Rore ni òun ń lọ.